Itẹ́ òkú fún àwọn sójà wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìrántí ogun ní Èkìtì: kí lẹ rí sí i?

ỌmọÈwí_Adó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo fẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, a máa ń pé jọ ní Adó láti rántí àwọn ológun tó kú. Gómìnà á fi òdòdó lélẹ̀, àwọn ọba àti opó àwọn tó kú sójú ogun á fi tiwọn lélẹ̀, wọ́n á fun fèrè, wọ́n á yìnbọn, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970 ni wọ́n fi yan ọjọ́ yìí. Gbogbo rẹ̀ ló dára lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn bàbá tó máa ń tò sórí ìlà nínú oòrùn, pẹ̀lú fìlà sójà lórí àti àmì ẹ̀yẹ láyà. Wọ́n ń dín kù lọ́dọọdún. Níbo là ń sin wọ́n sí? Ẹ̀yìn ilé, ẹ̀gbẹ́ ilé. Bí àwọn ọmọ bá wá ta ilé náà lẹ́yìn ogún ọdún, ẹni tó rà á á wó ibojì, á kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lórí. A ti rí i ní Adó níbí lójú wa.

A ní Fajuyi Park, ère Fájuyì sì dúró níbẹ̀. Ọmọ Adó ni, 1926 ni wọ́n bí i. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní Kóńgò, òun sì ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí wọ́n pa á pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1966. Gbogbo ayé mọ ibi tí a ti ń rántí rẹ̀. Sójà tí kò ní oyè, tó jáde láti àdúgbò kan náà, níbo ni ọmọọmọ rẹ̀ yóò ti rántí tirẹ̀?

Ohun tí mo ń dábàá rèé: kí a wá ilẹ̀ tó tó ilẹ̀, kí a kọ́ ibi ìrántí ogun sí i, kí a sì ya itẹ́ òkú fún àwọn ológun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò lè jẹ́ inú Fajuyi Park, àárín ìlú nìyẹn. Kí òkúta orí sàréè rí bákan náà fún ọ̀gá àti fún ọmọ iṣẹ́. Kí ògiri kan wà tí a ó kọ orúkọ àwọn tí òkú wọn kò padà wálé sí. Ẹ sọ tiyín.

Gbẹ́nró_Ìjerò

Mo wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí gbágbáágbá. Ìbéèrè kan péré ni mo ní: ta ni yóò máa ro koríko ibẹ̀? A mọ bí a ti ń ṣe nǹkan nílẹ̀ yìí. Ọjọ́ ìṣíde, ọ̀dà tuntun; ọdún kejì, igbó.

Yèyé_Ìyìn

Ọmọ mi láti Adó, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un wá. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn.

Ilé ni àwa ń sin òkú wa sí. Bàbá tó bá kú, ilé tó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́ ni yóò sùn sí. Ìyàwó rẹ̀ á jí láàárọ̀, á kí i. Ọmọ tó fẹ́ relé ọkọ á kúnlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà fún un. Bí ìyàn bá mú, bí ayọ̀ bá dé, wọ́n á sọ ọ́ létí bàbá. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí itẹ́ òkú, àlejò tí a kò mọ ará rẹ̀ ni. Báwo la ó ṣe wá sọ fún ọmọ Èkìtì pé ọlá ni kí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ síbi tí kò ní ìyẹ̀wù, tí kò ní aládùúgbò?

Ẹ wo Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ ìlú wa. Òun ló ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn Fájuyì. Nígbà tó dolóògbé ní 2017, itẹ́ òkú àwọn ológun wà l'Ábújà, wọn kò sì ní fi du irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìyìn ni wọ́n gbé e wá. Àwọn sójà tẹ̀ lé e wá sílé, wọ́n fi àsíá bo pósí rẹ̀, wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀yẹ tó tọ́ sí i ní ìlú bàbá rẹ̀. Bí ọ̀gágun pátápátá bá fẹ́ ilé, kí ló dé tí sájẹ́ǹtì kò fi ní fẹ́ ilé?

Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ilẹ̀ yẹn, ẹ fi ran àwọn opó lọ́wọ́ kí wọ́n lè sin ọkọ wọn dáadáa nílé.

ỌmọBọ́mà_Ìkọ̀lé

Yèyé, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ní ìwúwo, bàbá tèmi náà ilé ló wà, ní Ìkọ̀lé, mo sì dúpẹ́ pé ibẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí wọ́n jọ lọ.

Bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà, nínú 82nd Division. Ẹ̀ka ọmọ ogun méjì ni wọ́n kó jọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ síbẹ̀, 81st àti 82nd. Ibi tí wọ́n ti jà ní Arakan, òkè lórí òkè ni, igbó tí mọ́tò kò lè wọ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ọta àti oúnjẹ. Bàálù ló ń ju ìrẹsì sílẹ̀ fún wọn láti ojú ọ̀run, bí kùrukùru bá sì bo ojú ọ̀run, ebi nìyẹn. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ ìbọn. Ohun tó máa ń sọ ni bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹnìkejì wọn létí odò, tí wọ́n á gbé òkúta kan lé e, tí wọ́n á sì máa bá ọ̀nà wọn lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lára àwọn tí wọ́n jọ kúrò ní Ìkọ̀lé, ó ní ọ̀kan tí kò padà. Ìyá ọ̀rẹ́ bàbá mi yìí dàgbà dàgbà, ó di arúgbó kùjọ́kùjọ́, kò yéé bi bàbá mi léèrè pé, "Níbo lẹ gbé e sí?" Kò sí ìdáhùn tí bàbá mi lè fún un. Kò sí ilé kankan tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, Yèyé. Kò sí itẹ́ òkú kankan pẹ̀lú.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917 láti máa tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun wọn. Òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé kò sí ọ̀gá, kò sí ẹrú: òkúta kan náà, ìwọ̀n kan náà, orúkọ olúkúlùkù lára òkúta rẹ̀ tàbí lára ògiri. Ní Taukkyan, nítòsí Yangon ní Bọ́mà, ibi ìrántí kan wà tí orúkọ bí 27,000 wà lára rẹ̀, àwọn tí kò ní sàréè tí a mọ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde pé, nínú àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kéré tán 116,000 ènìyàn, ó sì lè tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn kò tilẹ̀ rántí rárá. Àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn ará Mídù-Ííìsì ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n tọrọ àforíjì.

Bí àwọn tó gbé wa lọ sógun bá lè gbà pé àwọn pa orúkọ tì, kí ni àwa tí a bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń dúró dè? Ní tèmi, ògiri orúkọ yẹn ló ṣe kókó jù nínú àbá yìí. Èmi ì bá fi ṣáájú sàréè.

Fábùnmi_Kékeré

Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ibi ìrántí ogun ní Èkìtì, ẹ ò dárúkọ Òkèmẹ̀sí!

Ogun wo ló so Èkìtì pọ̀ bí ogun Kírìjì? Òkèmẹ̀sí ni Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó ń yọ ìlú lẹ́nu. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò tú ká pátápátá títí di 1893. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, Àkókó, gbogbo wọn para pọ̀, Ògèdèǹgbé Ilẹ́ṣà ṣe ọ̀gá ogun. Látòósà tó kó Ìbàdàn wá kú sí ibùdó ogun ní 1885, kò padà délé. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó dá owó, wọ́n ra ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé. Àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án 1886 ló dá ìjà dúró.

Àwọn tó kú lórí àwọn òkè yẹn, ta ló ka iye wọn? Àwọn ni sójà àkọ́kọ́ wa. Bí a ó bá dá itẹ́ òkú ológun sílẹ̀, ìhà ọ̀dọ̀ wa ni kó wà, kí àwọn ti òde òní lè sùn ti àwọn baba ńlá wọn. Àwọn àlejò á máa wá wò ó, ọ̀nà wa náà á sì dára.

Ọmọlójú_Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀gbọ́n Fábùnmi, ẹ rọra. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ibùdó Èkìtìparapọ̀, Ìgbájọ ni ti Ìbàdàn, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni méjèèjì wà lónìí. Gómìnà Èkìtì kò lè lọ gbẹ́ sàréè sí ilẹ̀ Ọ̀ṣun.

Èyí tó sì ká mi lára jù: kò yẹ ká gbẹ́ ilẹ̀ ojú ogun àtijọ́ rárá, ì báà jẹ́ lọ́hùn-ún tàbí níhìn-ín. Egungun àwọn tí a kò mọ̀ ló wà nílẹ̀ yẹn, ti Èkìtì àti ti Ìbàdàn pọ̀. Ọta ìbọn wà níbẹ̀, àfọ́kù ìkòkò wà níbẹ̀, ipasẹ̀ ahéré àti odi ibùdó wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí a bá kó katakata wọ ibẹ̀ láti tẹ́ ilẹ̀ fún sàréè tuntun, a ó da èyí tó wà tẹ́lẹ̀ rú. Ẹ jẹ́ kí àwọn yẹn sùn. Kí a gbé òkúta ìrántí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó tó.

Gbẹ́nró_Ìjerò

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọmọlójú. Òkú kò gbọdọ̀ lé òkú kúrò.

Sájẹ́ǹtì_Ọ̀tùn

Mo ti ń kà yín láti òkè bọ̀. Èmi ni irú ẹni tí ẹ̀ ń sọ. Mo ṣe sójà, mo lọ sí Làìbéríà pẹ̀lú ECOMOG, ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó jọ, mo ti fẹ̀yìntì. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ láti ẹnu wa kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé sójà kò ní inú, pé ìbọn nìkan la mọ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má fi sàréè dí wa lójú. Nínú àwọn tí a jọ ń pàdé ní ìpàdé Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwa sójà tó ti fẹ̀yìntì, àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́ nítorí ọta tó wọ̀ ọ́, tó jẹ́ pé àpò ọmọ ni wọ́n ti ń ra oògùn. Àwọn kan ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì tó pẹ́ kó tó dé. Bí ìjọba bá yọ owó fún òkúta mábù tí kò yọ fún oògùn, inú wa kò ní dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Bí wọn kò bá lè jọ lọ, kí oògùn ṣáájú.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó wa ńkọ́? Obìnrin tó tọ́ ọmọ nìkan nígbà tí mo wà lójú ogun, tó kó ẹrù láti bárékè dé bárékè, tó ń sùn tí kò sùn nígbàkigbà tí rédíò bá dárúkọ Monrovia. Bí ẹ bá máa sin mí síbì kan tí ẹ ò ní lè sin ín tì mí, ẹ fi mí sílẹ̀ ní Ọ̀tùn.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ta ni ológun? Ẹni tí wọ́n lé kúrò nínú iṣẹ́ nítorí olè ńkọ́? Àwọn ọlọ́pàá tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọdẹ tó ń lé ajínigbé nínú igbó wa báyìí, tí àwọn kan ti kú nínú wọn? Ẹ yanjú èyí ṣáájú, nítorí ọjọ́ tí òkú bá wà nílẹ̀ kọ́ ni a ó máa jiyàn lé e lórí.

Èkìtì_Ní_Texas

Bàbá wa Sájẹ́ǹtì, ẹ kú iṣẹ́ orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é níbi tí mo wà, bóyá a lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí itẹ́ òkú ológun tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ náà lè ní tirẹ̀. Láti 1978 ni òfin ti wà pé ìjọba àpapọ̀ yóò fún ìpínlẹ̀ lówó láti kọ́ ọ. Lóde òní, gbogbo owó kíkọ́ ni wọ́n lè san. Ohun tí ìpínlẹ̀ ní láti mú wá ni ilẹ̀, àti ìlérí pé òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí ayé. Ìlérí yẹn ni wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó yọ owó, ẹ̀gbọ́n Gbẹ́nró. Ọ̀rọ̀ koríko wà nínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó tàbí ọkọ ológun ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀, ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́ náà ní. Ọ̀fẹ́ ni òkúta orí sàréè. Ẹni tí wọ́n fi àbùkù lé kúrò nínú iṣẹ́ ogun kò ní ẹ̀tọ́. Kò sí ẹni tí wọ́n fi dandan mú: ìdílé tó bá fẹ́ sin ènìyàn wọn sí ibòmíràn, wọ́n á fún wọn ní òkúta tàbí àmì láti gbé lé e níbẹ̀. Mo rò pé èyí lè tu Yèyé wa nínú.

Ìkìlọ̀ kan nípa ilẹ̀. Itẹ́ òkú ológun tí gbogbo ayé mọ̀ jù, Arlington, 1864 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ ìdílé ìyàwó Ọ̀gágun Robert E. Lee. Ìdílé náà pe ẹjọ́. Ní 1882, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá wọn láre, sàréè sì ti kún ibẹ̀ nígbà náà. Ìjọba ní láti san 150,000 dọ́là lọ́dún tó tẹ̀ lé e kí ilẹ̀ tó di tirẹ̀. Ẹ sanwó ilẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀.

Akọ̀wé_Ìbílẹ̀

Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń ṣe, n kò ní sọ èwo. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí wálẹ̀ díẹ̀.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, nínú àfikún kẹrin rẹ̀, sọ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti dá itẹ́ òkú sílẹ̀ àti láti máa tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, bí gómìnà bá tilẹ̀ fẹ́ ẹ, ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ náà bọ́ sí gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀. Mẹ́rìndínlógún la jẹ́ ní Èkìtì. Bí a bá sọ pé ti gbogbo Èkìtì ni, tó jẹ́ pé ẹyọ kan nínú wa ni yóò máa san owó olùṣọ́ àti owó koríko, ẹ mọ ibi tí yóò já sí. Kí gbogbo wa máa dá owó náà, kí ó sì wà nínú ètò ìṣúná ọdọọdún, kí ó má jẹ́ pé a ń tọrọ rẹ̀ nígbà tí oṣù kìíní bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀: lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ó sì lè gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni òfin ń san owó rẹ̀: kòkó, ọ̀pẹ, ilé. Ẹni tí ilẹ̀ baba rẹ̀ kò ní kòkó lórí, owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò rí. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ìlú kan fi ilẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ọba àti àwọn olórí ẹbí fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ sí ilé ìjọba.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tún wà o. Èkìtì lẹ̀ ń sọ yìí! Ọ̀pọ̀ ibi tó tẹ́jú lójú, àpáta wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọkọ́ kò ní wọ̀ dé orúnkún. Ẹ gbẹ́ ihò ìdánwò káàkiri ilẹ̀ náà kí ẹ tó gbà á, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti mọ ibi tí àpáta wà, nígbà òjò láti mọ ibi tí omi ń dé. Kò gbọdọ̀ wà ní òkè odò tí ìlú ń mu, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ kànga. Fún àpẹẹrẹ, ilẹ̀ tí àgbàrá rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ìdídò Ẹrọ tàbí Urèje kò ṣeé lò. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn ilẹ̀ tí ẹbí máa ń fẹ́ fi tọrẹ ni èyí tí wọn kò lè dáko sí, tí ó sì jẹ́ pé àpáta tàbí àbàtà ni.

Alfa_Ìkéré

As-salamu alaykum. Kí a má gbàgbé àwa náà. Àwọn Mùsùlùmí sójà pọ̀ ní Èkìtì. Tiwa kì í dúró ní mọ́ṣúárì de ọjọ́ tí ìjọba bá ráyè. Ọjọ́ tó kú tàbí ọjọ́ kejì ni a ń sin ín. Ọ̀gágun àgbà Attahiru tí bàálù rẹ̀ já ní Kàdúná ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 2021, ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín l'Ábújà pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ ológun. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni a ń tẹ́ òkú lé, ojú rẹ̀ a kọ sí Mẹ́kà. Láti Èkìtì, ìlà-oòrùn tó tẹ̀ sí àríwá nìyẹn. Bí wọ́n bá ti fa ìlà sàréè ní ọ̀nà mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, a kò ní lè yí i padà. Kí ẹni tó ń ya àwòrán ilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí gbogbo ìlà bá gba ọ̀nà yẹn, kò pa Kìrìsìtẹ́nì lára, a kò sì ní láti pín itẹ́ náà sí méjì.

ÌyáTóyìn

N kì í sábà kọ nǹkan síbí.

Ọkọ mi kú ní ìhà Bọ̀nú. Wọ́n ní itẹ́ òkú tó wà ní bárékè Maimalari ní Màídúgùrì ni wọ́n sin ín sí. N kò tíì débẹ̀. Ọ̀nà jìn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àsíá tí wọ́n ká fún mi wà nínú àpótí. Ọmọ mi obìnrin ti ń béèrè ibi tí bàbá rẹ̀ wà. Mo máa ń sọ pé ó wà ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jiyàn ilé àti itẹ́ òkú, mo gbọ́ yín. Èmi kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà lára ògiri kan ní Èkìtì níbí, tí mo lè wọkọ̀ lọ kí n sì padà lọ́jọ́ kan náà, n ó mú ọmọ náà dání lọ.

Yèyé_Ìyìn

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Ó á dá ọmọ náà sí fún ọ, o ò ní fi ojú sunkún rẹ̀.

Nínú ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún wa, ẹni tó bá kú sójú ogun tí wọn kò lè gbé wálé, àwọn ará rẹ̀ á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á sì sin ín bí ẹni sin gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n á ṣe òkú rẹ̀, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu. Àwọn baba wa mọ̀ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣègbé sójú ọ̀nà. Nítorí náà, ti ògiri orúkọ yẹn, mo fọwọ́ mi méjèèjì sí i. Kí wọ́n kọ́ ọ lọ́la bí ó bá ṣeé ṣe.

Ti sàréè, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi: kí a má fi dandan mú ẹnikẹ́ni, kí ìdílé yàn. Ẹni tó fẹ́ ilé, kí wọ́n fún un ní òkúta tó dára bí ti àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Ọmọ Texas, èyí tí o sọ yẹn wọ̀ mí létí.

Fábùnmi_Kékeré

Mo gba ọ̀rọ̀ Ọmọlójú lórí ilẹ̀ ojú ogun. Ṣùgbọ́n kí orí ògiri náà ní ibi tí a kọ Kírìjì sí, kí orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan tó rán ọmọ lọ wà níbẹ̀, nítorí a kò lè rí orúkọ àwọn ènìyàn náà tán. Ìyẹn kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

ỌmọÈwí_Adó

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. ÌyáTóyìn, a ka ọ̀rọ̀ yín, a ó sì ṣe é bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an lẹ rán wa.

Bí mo ṣe rí i báyìí, ọ̀rọ̀ náà ti yí ipò padà lójú mi. Sàréè ni mo gbé síwájú, ẹ ti fi hàn mí pé orúkọ ló yẹ kó ṣáájú. Sàréè nílò ilẹ̀, owó, gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Orúkọ kò nílò ju àwa lọ láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó mọ orúkọ àwọn tó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn tó mọ ti ogun abẹ́lé ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí a bá dúró de ìjọba kí a tó ṣe àkọsílẹ̀, ògiri náà á dé, kò ní sí ohun tí a ó kọ sí i.

Mo dábàá kí á pín ìlú láàárín ara wa. Lọ sí ilé àwọn àgbà, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí mọ́sáláṣí, sí ìpàdé Legion, kí ẹ béèrè. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, agbo ilé rẹ̀, ogun tó lọ, ẹ̀ka ọmọ ogun rẹ̀ bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ọdún tó kú, ibi tó wà báyìí, ẹni tó sọ fún yín. Bí orúkọ bá jẹ́ ti ẹni tó kú láìpẹ́, ẹ gba àṣẹ ẹbí rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú ìwé ni kó wà títí a ó fi pàdé.

Ìwé tí a ó kọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Akọ̀wé wa ni kó bá wa tò ó. Kí ó béèrè ògiri orúkọ ní báyìí, àti ilẹ̀ tí a ti yẹ̀ wò tọ̀jò tẹ̀ẹ̀rùn, tí owó ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú òfin. Kí ìyàwó àti ọkọ ológun ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀. Kí ìdílé yàn fúnra wọn, kí ìlà sàréè rí bí Alfa ti wí. Ọ̀rọ̀ oògùn àti owó ìfẹ̀yìntì tí Bàbá Sájẹ́ǹtì sọ, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni kí ó wà.

Akọ̀wé_Ìbílẹ̀

N ó tò ó. Ẹ fi ti ọlọ́pàá àti ọdẹ sí ìpínrọ̀ tirẹ̀, kí àwọn aṣòfin má bàa fi ìyẹn dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ní tèmi, kí orúkọ wọn wà lára ògiri láìjiyàn. Ti sàréè ni kí a ṣì jíròrò.

Sájẹ́ǹtì_Ọ̀tùn

Mo fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un: kí wọ́n má to orúkọ ní ipò oyè. Kí wọ́n tò ó ní ìlú-ìlú, bí lẹ́tà ti tẹ̀ léra. Nígbà tí ìbọn ń dún, a ò béèrè oyè lọ́wọ́ ẹni tó fà wá kúrò nínú ihò.

Ọ̀tùn àti gbogbo Mọ̀bà, èmi ni kí ẹ kọ sí i. Mo mọ ilé tí n ó kọ́kọ́ yà.

ỌmọBọ́mà_Ìkọ̀lé

Mo gba Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́. Yèyé, ṣé ẹ lè bá wa mú Ìyìn àti Ìgèdè? Gbẹ́nró ní Ìjerò, Alfa ní Ìkéré, Ọmọlójú ní Ẹ̀fọ̀n, Fábùnmi ní Òkèmẹ̀sí títí dé Àrámọ̀kọ. Ó ku Ẹ̀mùré, Ìṣẹ̀, Òmùò, Ìdó àti Ìléjeméje. Ta ló wà níbẹ̀?